Ìwé iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà: Ohun tó yẹ kí oníléeṣẹ́ kékeré mọ̀ kó tó sọ fún oníbàárà pé 'ẹ padà wá lọ́la'

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rẹ̀ lọ fún àtúnṣe rí, ìbáà jẹ́ ní Computer Village tó wà ní Ìkẹjà, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ládùúgbò, yóò ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹ má bínú, màmá, ẹ padà wá lọ́la." Tí ọ̀la bá dé, ẹnjiníà á tún ní kí wọ́n padà wá lọ́túnla. Ohun tí oníbàárà máa ń rò ni pé onírọ́ ni ẹni náà, tàbí pé ó ti yọ nǹkan nínú ẹ̀rọ òun tà. Àwọn oníwàyó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irọ́ ló ń fa wàhálà. Ohun tó ń fà á ni pé inú orí èèyàn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ọ̀gá nìkan ló mọ̀ pé láàpútọ́ọ̀pù dúdú tó wà lábẹ́ tábìlì ń dúró de ojú tuntun tí wọ́n fẹ́ lọ rà, ọmọ iṣẹ́ nìkan ló mọ̀ pé obìnrin tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti san àsansílẹ̀. Bí ọ̀gá bá lọ sí òde ìnáwó, tí ara ọmọ iṣẹ́ ò sì yá lọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó lè dá oníbàárà lóhùn mọ́.

Àdánù tó ń tìdí ọ̀rọ̀ yìí jáde kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí pẹpẹ fún oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀, owó ló wà níbẹ̀ yẹn: owó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n ti rà, owó iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn ò tíì gbà, àti orúkọ iléeṣẹ́ tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ lọ kì í dágbére, ó kàn máa gbé ẹ̀rọ tó kàn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ni. Tó bá wá jẹ́ pé iléèwé tàbí ilé ìwòsàn aládàáni ló kó gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa bójú tó o, ìgbàgbé kan ṣoṣo lè gba iṣẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń dènà irú èyí ni wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀kì ọ́dà. Ní Yorùbá, ìwé iṣẹ́ ni orúkọ tó bá a mu jù. Kì í ṣe ohun àjèjì rárá. Àwọn mẹkáníìkì ti ń lo jọ́ọ̀bù káàdì tipẹ́, aránṣọ náà sì ń kọ ìwọ̀n oníbàárà àti ọjọ́ tó fẹ́ gba aṣọ sínú ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kì í sọnù sábẹ́ àpótí, gbogbo òṣìṣẹ́ ló lè rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń rántí ọjọ́ àti aago tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ kàn án.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980 ni iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní CCTA kó ìlànà jọ lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa bójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn ìwé tó jáde látinú rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ sí ITIL, ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2019. Èdè inú ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà tó ń bójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń sọ lónìí. ServiceNow, tí Fred Luddy dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, wà lára wọn, Remedy tó ti wà ṣáájú rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn yìí kì í ṣe ọjà ṣọ́ọ̀bù kékeré o, àwọn báńkì ńlá àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni irú wọn wà fún. Èyí tí apá oníṣòwò kékeré ká ni GLPI, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2003. Ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tí wáyà tàbí Wi-Fi bá ti so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí bá gbogbo wọn mu, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ owó, GLPI ni wọ́n máa dárúkọ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn yàtọ̀ sí iṣẹ́

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ́fúwíà wọlé ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà sọ sílẹ̀, wọ́n á sì rò pé àwọn ti kọ iṣẹ́. Oníbàárà pè, ó ní: "Íntánẹ́ẹ̀tì wa ò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀." Ẹ̀sùn nìyẹn. Ó dáa kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú aago tó pè. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe. Ó lè jẹ́ dátà ló tán, ó lè jẹ́ eku ló gé wáyà jẹ, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan yọ ẹ̀rọ náà nínú iná kó lè rí ibi ṣájì fóònù rẹ̀. Ìgbà tí ẹnjiníà bá mọ ohun tó fà á ni iṣẹ́ tó di iṣẹ́: "Pààrọ̀ wáyà tó lọ sí ọ́fíìsì akápò, mítà 15." Èyí ní ìwọ̀n, ó ní iye owó, ó ní ẹni tó máa ṣe é, èèyàn sì lè wò ó kó sọ pé ó ti parí tàbí kò tíì parí.

Ìbéèrè tún wà lọ́tọ̀. Bí iléèwé bá gba olùkọ́ tuntun tí wọ́n ní kí iléeṣẹ́ wá to láàpútọ́ọ̀pù fún un, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí GLPI fi máa ń béèrè látìbẹ̀rẹ̀ bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ ni tàbí ohun tí wọ́n béèrè fún. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á rí i lópin oṣù bíi pé ẹ̀rọ bàjẹ́ ní ìgbà 40 nígbà tó jẹ́ pé ìgbà 15 péré ni, oníbàárà tó bá rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tóun ń sanwó fún.

Àpẹẹrẹ kan máa jẹ́ kó túbọ̀ yéni. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò UTME, èyí ló sì jẹ́ kí ibùdó CBT pọ̀ káàkiri. Ká ní iléeṣẹ́ kan tó ní òṣìṣẹ́ 4 gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Tún CBT ṣe", kò tíì kọ nǹkan kan. Ta ló máa yẹ bátìrì UPS wò? Ta ló máa tan gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà lórí jẹnẹrétọ̀ láti mọ̀ bóyá ó máa gbé e? Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní "Ọ̀gá, mo ti ṣe é," èwo ló ṣe?

Ohun tí sọ́fúwíà ń fẹ́ ni kí ìwé iṣẹ́ kan wà fún gbogbo rẹ̀, kí wọ́n wá gé e sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀: ìlà àkọ́kọ́ kọ̀ǹpútà, ìlà kejì, UPS, jẹnẹrétọ̀, wáyà, ẹ̀rọ olórí tí gbogbo ìyókù so mọ́. Kí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹnì kan, kó ní ọjọ́, kó sì ní ipò tirẹ̀. Nínú ServiceNow, ìgbà tí gbogbo iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ ìwé bá parí ni ìwé ńlá tó ka ara rẹ̀ sí pé ó parí. GLPI náà láyè fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, èèyàn á sì máa fi àmì sí èyí tó ti ṣe. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sọ o. Lóòótọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta sí, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn á máa rò pé àwọn méjì yòókù ti ṣe é.

Ẹnu ọ̀nà ni gbèsè ti ń wọlé

Kò sí ibi tó yẹ kí oníléeṣẹ́ ti mú ọwọ́ le tó ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ oníbàárà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọn ò lò níbẹ̀ lè di ìjà ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kò tó. Nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, nítorí láàpútọ́ọ̀pù dúdú méjì tó jọra lè pàdé lórí tábìlì kan. Kí wọ́n kọ ohun tó bá a wá: ṣájà, àpò, fíláàṣì tó wà lára rẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, igun tó ti fọ́, bọ́tìnnì tó ti já, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ níṣojú oníbàárà. Fọ́tò yìí ṣeé so mọ́ ìwé iṣẹ́ nínú GLPI. Àsansílẹ̀ tó san ńkọ́? Ṣé ó ní ẹ̀dà àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà níbòmíì? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè, òun gan-an ló sì ń gbé ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí owó lè ra háàdì díìsìkì tuntun, kò lè ra ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti fi ọdún méjì kọ.

Òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe láti dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ẹni tó bá gbéṣẹ́ fúnni ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣe é lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Ó tún ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹrù rẹ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán, bó ṣe wà nígbà tó gbé e wá. Oníléeṣẹ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe rí nígbà tó dé, kí ló fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni sọ́fúwíà á fún ìwé náà ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni kí wọ́n kọ sórí bébà tó ní gọ́ọ̀mù, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ àti ṣájà rẹ̀, òun náà sì ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp. Láti ọjọ́ náà lọ, tí oníbàárà bá pè, kò ní máa ṣàlàyé pé "èmi ni ìyá tó wọ aṣọ àǹkárá lọ́jọ́ Tuesday." Nọ́ńbà lásán ló máa dá, òṣìṣẹ́ èyíkéyìí tó bá gbé fóònù á sì mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Èwo ló yẹ kó ṣíwájú? Gbogbo oníbàárà ló máa ń ní kánjúkánjú ni tòun. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ohùn ẹnu, ẹni tó ń pariwo jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn. GLPI pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì: bó ṣe ń kán oníbàárà lójú tó, àti bí àkóbá tí ohun náà ń ṣe ṣe tóbi tó. Oníbàárà ló ń sọ ti àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ ló ń wo ìkejì, sọ́fúwíà á wá fi méjèèjì ṣírò ipò tí iṣẹ́ náà máa wà. Ọ̀gá iléèwé tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ò mú ohùn jáde lè máa bínú gan-an, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìwọlé ni, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé akápò ò lè tẹ rìsíìtì owó iléèwé, ti akápò ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, nítorí gbogbo òbí tó wà lórí ìlà ló kàn. Ó gba ọgbọ́n láti ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá iléèwé, àmọ́ ó rọrùn díẹ̀ tí ìlànà bá ti wà nínú àdéhùn kí ìbínú tó dé.

Ìṣirò tó wà lẹ́yìn 'lọ́la'

Ọjọ́ wo gan-an ló yẹ kí ẹnjiníà dá fún oníbàárà? Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn, kì í ṣe àfojúdá. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Little, fi ìdí òfin ìṣirò kan múlẹ̀ lọ́dún 1961 tó bá ilé ìwòsàn, báńkì àti iléeṣẹ́ tí èèyàn ń tò sí mu dòní. Ní kúkúrú, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa lò ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tí wọ́n pín sí iye tí wọ́n ń parí lójúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ 30 wà nílẹ̀ rẹ̀, tó ń parí 5 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọlé máa dúró, bí wọ́n bá ń ṣe é bó ṣe ń wọlé. Ẹnjiníà tó bá sọ fún ẹni yẹn pé lọ́la, ó ti jẹ gbèsè ọjọ́ márùn-ún láìmọ̀.

Ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ 7 bá ń wọlé lójúmọ́ tó sì jẹ́ pé 5 ló ń jáde, 2 ló ń ṣẹ́kù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 48 ti kún 30 àkọ́kọ́, ó di 78. Ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ yẹn máa dúró ju ọjọ́ 15 lọ. Ojú ọ̀gá á máa rí i pé ọjà ń tà, ṣọ́ọ̀bù kún, àwọn èèyàn ń wọlé, kò ní mọ̀ pé òun ń rì. Sọ́fúwíà á ti fi hàn án láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ó ń ka iye ìwé tí wọ́n ṣí àti iye tí wọ́n pa dé. Ohun tó bá wá fẹ́ ṣe kù sí i lọ́wọ́: kó gba òṣìṣẹ́ sí i, kó fi kún owó iṣẹ́, tàbí kó máa kọ irú iṣẹ́ kan tó ń gba àkókò tí kò sì mówó wọlé. Èyí tí kò dáa ni kó máa gbà gbogbo rẹ̀ kó sì máa dá ọjọ́ tí kò lè mú ṣẹ.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ní àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà tún máa ń ya ìlérí sí méjì. Ọ̀kan ni àkókò tí ẹnì kan máa gba iṣẹ́ náà mọ́ ọwọ́, èkejì ni àkókò tí wọ́n máa parí rẹ̀. GLPI ní àyè fún méjèèjì, aago rẹ̀ sì ń ka wọ́n lọ́tọ̀. Ìlérí àkọ́kọ́ rọrùn láti mú ṣẹ, ó sì ń tu oníbàárà lára ju bí àwọn oníṣòwò ṣe rò lọ. Ẹni tí wọ́n bá dá lóhùn láàárín wákàtí kan pé "A ti rí ọ̀rọ̀ yín, nọ́ńbà 214 ni, ẹnjiníà ń bọ̀ ní aago méjì" kì í sábà pe ẹlòmíì.

Ipò tí iṣẹ́ wà ni ibi tí ẹ̀tàn lè wọ̀. Nínú GLPI, ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun, á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe é, ó lè wá wà ní ìdúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé ó ti yanjú, kí wọ́n tó pa á dé. Ìdúró yìí ló yẹ kí ọ̀gá máa ṣọ́ jù. Ó wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mọ́, bíi kí oníbàárà má tíì fọwọ́ sí owó, tàbí kí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ṣì wà lójú ọ̀nà. Aago àdéhùn kì í ka àkókò tí ìwé bá fi wà ní ìdúró. Òṣìṣẹ́ tó bá ti mọ èyí lè máa ti gbogbo iṣẹ́ tó sú u síbẹ̀, kí ìwé rẹ̀ lè máa dán. Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìwé sí ìdúró láìkọ nǹkan mẹ́ta: ohun tí wọ́n ń dúró dè, ẹni tó máa mú un wá, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tún bojú wò ó. Ní àràárọ̀, kí ọ̀gá tó gbé kọfí tàbí ẹ̀kọ rẹ̀, kó ka gbogbo ìwé tó wà ní ìdúró tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Yíyanjú kì í ṣe pípadé. Ẹnjiníà ló ń sọ pé iṣẹ́ ti yanjú, oníbàárà ló yẹ kó sọ pé ó ti parí. GLPI fi ìyàtọ̀ yìí síbẹ̀ ní kedere: tí ẹnjiníà bá kọ ohun tó ṣe, oníbàárà lè gbà á, tàbí kó kọ̀ ọ́, ìwé náà á sì padà di ṣíṣí. Tí oníbàárà ò bá fèsì, wọ́n lè to sọ́fúwíà kó pa á dé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iye ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá yàn. Ní ṣọ́ọ̀bù, èyí túmọ̀ sí pé oníbàárà máa tan ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, á tẹ ìwé kan jáde níbẹ̀, á wo ìgun tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ nínú fọ́tò, kó tó fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹnjiníà bá kọ síbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. "Mo ti tún un ṣe" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Mo pààrọ̀ RAM, 4GB, mo dán an wò fún wákàtí 2" ló lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́ tí ẹ̀rọ náà bá padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ibi tí èrè tó fara sin wà nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àkọsílẹ̀ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n fi nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ wá ìwé rẹ̀ rí, tí wọ́n sì rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan náà ti jó páwà ní ìgbà mẹ́rin láàárín oṣù márùn-ún. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ní àìsàn níbẹ̀, iná tó ń wọlé ni. Àwọn oní-ITIL yà á sọ́tọ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, gbòǹgbò tó ń bí i lọ́pọ̀ ìgbà jẹ́ ìṣòro, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni kálukú wọn. Iléeṣẹ́ tó bá lọ bá oníbàárà yẹn pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n kọ sílẹ̀, tó sì ní kí wọ́n ra sitẹbiláísà tó dáa, á pàdánù owó àtúnṣe páwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ta sitẹbiláísà, á sì di ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ̀.

Ewu kan wà tí sọ́fúwíà yìí fúnra rẹ̀ ń gbé wá. Àwọn ẹnjiníà fẹ́ràn láti máa kọ páásíwọ́ọ̀dù oníbàárà sínú ìwé iṣẹ́ kí wọ́n má bàa gbàgbé. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó lè ka ìwé náà ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé onílé nìyẹn, títí kan ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá tí wọn ò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kan ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ohun ìkọ̀kọ̀ àwọn èèyàn. Ó sàn kí oníbàárà tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó yí i padà kó tó gbé ẹ̀rọ wá, kó sì tún yí i lẹ́yìn tó bá gbà á. GLPI fúnra rẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú àkáǹtì mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ páásíwọ́ọ̀dù wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wọlé gan-an ni kí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ tàbí kí wọ́n pa èyí tí wọn ò nílò rẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti sáré lọ sórí sọ́fúwíà lọ́jọ́ kan. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan tí wọ́n fàlà sí tó fún ọ̀sẹ̀ méjì: nọ́ńbà, ọjọ́, oníbàárà, ẹ̀rọ, iṣẹ́, ẹni tó ń ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n dá, ipò tó wà. Ohun tí wọ́n bá rí i pé àwọn ò kọ nínú ìwé yẹn, wọn ò ní kọ ọ́ nínú sọ́fúwíà náà. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé GLPI wọlé, kí wọ́n má ṣe tan gbogbo àyè tó ní. Fọ́ọ̀mù tó bá ń béèrè ohun 25, òṣìṣẹ́ á máa fi ohun tó bá rí kún un ni, á sì máa kọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti gbàgbé ìdajì. Mẹ́jọ yẹn tó. Ọ̀gá tó bá ń gba iṣẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ba ètò náà jẹ́, òun tó sanwó fún un. Kò sì yẹ kí wọ́n máa gé owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí ìwé tó pẹ́, nítorí ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ níbẹ̀ ni bó ṣe máa fi ìwé pamọ́.

Níkẹyìn, ẹ̀dà. Iléeṣẹ́ tó ń sọ fún oníbàárà pé kó ní ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ti ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Nínú GLPI, nǹkan ńlá méjì ni: dátàbéèsì tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà, àti àpò fáìlì tí àwọn fọ́tò àti ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn wà. Ẹni tó bá da dátàbéèsì nìkan kọ máa rí ọ̀rọ̀, kò ní rí fọ́tò igun tó fọ́. Kí wọ́n máa dà wọ́n kọ ní alaalẹ́ sórí háàdì díìsìkì tí kò sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà olórí, kí wọ́n sì máa gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti rí i pé ó ń ṣí.